Ẹ Má Pààrọ̀ Ẹni Tó Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Wọn

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ètò Ìlera Alábọ́ọ́dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín, n ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí n tó ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gba ìtọ́jú ìsoríkọ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà ni yóò máa jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má fún òṣìṣẹ́ náà ní tiransifáà nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí aláìsàn náà bá sì pa ọjọ́ àdéhùn jẹ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá a lọ sílé.

Iṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní àwọn abúlé tó yí Lálúpọn àti Erúnmu ká. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé ìsoríkọ́ kì í dárúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn káàkiri ara, pé àyà ń já, pé oorun ò kun ojú. Obìnrin tó ń yan gaàrí yóò sọ pé apá òun ò gbé iṣẹ́ mọ́. Àgbẹ̀ yóò sọ pé òun ń jí láàárọ̀, òun ò sì rí ìdí tí òun fi máa gbé àdá. A óò fún wọn ní oògùn ibà àti parasitamọ́ọ̀lù, wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá. Èyí tí kò bá padà, a óò gbọ́ pé wọ́n ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà tàbí sọ́dọ̀ ààfáà. Nígbà míì, ohun tó burú ju ìyẹn lọ la máa ń gbọ́.

Ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé a ò lè wo àìsàn yìí lábúlé. Ìpínlẹ̀ wa yìí ni wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn mú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé 35 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì pín wọn sọ́nà méjì. Ní apá kan, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa jókòó pẹ̀lú aláìsàn, tí wọ́n á jọ tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á yan èyí tí wọ́n lè kọ́kọ́ mú, tí wọ́n á sì padà jíròrò bó ṣe rí. Ẹni tí ìyẹn ò bá tó fún, wọ́n á gbé e gun àkàsọ̀ tó kàn: oògùn, àti dókítà tí òṣìṣẹ́ lè pè lórí fóònù. Ní apá kejì, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Aláìsàn 1,178 ló kópa. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet Global Health lọ́dún 2019. Lẹ́yìn ọdún kan, 76 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti bọ́ nínú ìsoríkọ́ ní apá àkọ́kọ́, 77 nínú ọgọ́rùn-ún ní apá kejì.

Àwọn kan wo èsì yìí, wọ́n ní ètò tuntun náà kò fi nǹkan kan sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ṣe kà á. Apá méjèèjì ni wọ́n ti kọ́ òṣìṣẹ́ láti dá àìsàn yìí mọ̀, kí wọ́n sì fetí sí ẹni tó ń ṣe. Mẹ́ta nínú mẹ́rin gbádùn lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń pè ní nọ́ọ̀sì abúlé, láìdé ilé ìwòsàn ńlá Oríta Mẹ́fà n'Ìbàdàn, láìdé ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò. Ohun ìdùnnú ni. Ẹnì kan tó kù nínú mẹ́rin yẹn ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí nítorí rẹ̀.

Ebi wà lára ohun tó ń dá a dúró, mo mọ̀. Gbèsè wà níbẹ̀, ọkọ tó ń na ìyàwó wà níbẹ̀, àìsàn ara wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà tí a kì í kọ sórí káàdì: ohun tí ẹni náà ti kọ́ láti kékeré nípa bóyá èèyàn ṣeé fara tì.

Lọ́dún 1954, obìnrin onímọ̀ ọkàn kan tó ń jẹ́ Mary Ainsworth dé Uganda. Ó ń lọ láti ilé dé ilé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí Kampala, ó ń wo bí àwọn ìyá 26 ṣe ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ wọn. Ó rí i pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ máa ń dá lóhùn kíákíá a máa rá lọ síwájú láti tọwọ́ bọ nǹkan, a bojú wẹ̀yìn wo ìyá, a sì tún padà sí i bí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọn kì í yéé sunkún bí ìyá tilẹ̀ gbé wọn mọ́ra. John Bowlby, dókítà ọpọlọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí Ainsworth ti bá ṣiṣẹ́, ló fi irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ pé ohun tí ọmọ bá kọ́ nípa ẹkún rẹ̀, ìyẹn bóyá ẹnì kan á dáhùn tàbí kò ní dáhùn, a máa bá a dé àgbà. Bó ṣe máa bá ọkọ gbé, bó ṣe máa bá ọ̀rẹ́ ṣe, àti bó ṣe máa bá ẹni tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n máa ń dá lóhùn ní kékeré mọ̀ pé èèyàn ṣeé ké pè. Bí ìsoríkọ́ bá mú un, á wá, á sọ̀rọ̀, á gba ìmọ̀ràn, á sì ṣe é. Ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn lónìí tí wọn ò dá lóhùn lọ́la kì í ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Òun ni yóò wá láàárọ̀, tí yóò tún wá ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa wo ojú nọ́ọ̀sì bóyá ó ti sú u. Àwọn òṣìṣẹ́ wa a máa pè é ní oníyọnu. Ẹni tí ẹkún rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú àwọn tó tọ́ ọ, òun á kọ́ láti má sunkún mọ́. Bí ẹ bá bi í pé báwo ni ara, á ní ara ti dá. Á jókòó sétí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ, á ní òun kàn bá wọn wá gba oògùn ẹ̀yìn ríro ni, a ò sì ní rí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Oríṣi kan tún wà tí àánú rẹ̀ ń ṣe mí ju ti gbogbo wọn lọ: ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ tó ń bọ́ ọ náà ló ń lù ú. Ó fẹ́ kí èèyàn sún mọ́ òun, bí wọ́n bá sì sún mọ́ ọn, á sá. Lónìí, á sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bó bá rí yín lójú ọ̀nà, á ya bàrá.

Àwọn onímọ̀ ti wọn èyí wò. Onímọ̀ ọkàn kan tó ń jẹ́ Levy àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 14 jọ lọ́dún 2011, tó kan àwọn èèyàn 1,467 tó gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n rí i pé àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ mọ́ èèyàn máa ń jàǹfààní jù, àwọn tí ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ ń bà kì í sì í jàǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Ti àwọn tó ń fi ara wọn pa mọ́ ló yà mí lẹ́nu: nínú gbogbo ìwádìí wọ̀nyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn pé pípa ara ẹni mọ́ ń dí ìwòsàn lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìyẹn ni pé ẹni tó ń sọ pé ara òun dá yẹn ṣeé wò. Ohun tó kù ni kí a rí i dì mú, kí a sì mọ irú ọ̀rọ̀ tí a máa bá a sọ. Ìwádìí kékeré kan ní Toronto, ní Kánádà, lọ́dún 2006 fi hàn pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jàǹfààní ìtọ́jú tó dá lórí èrò àti ìṣe ju èyí tó dá lórí àjọṣe òun àti àwọn èèyàn lọ. Kò jìnnà sí ohun tí ojú mi ti rí. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi bàbá àgbẹ̀ kan ní Àkànrán pé kí ni ọkàn rẹ̀ ń sọ, á wo yín títí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, “Bàbá, nínú gbèsè kòkó, àìsùn àti ọ̀rọ̀ ọmọ yín tí kò pè láti Èkó, èwo ni ká kọ́kọ́ mú?”, á gbé àga rẹ̀ sún mọ́ yín. Ìtọ́jú tí wọ́n kọ́ wa ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bá irú wọn mu gan-an. Láti inú ọ̀rọ̀ gbèsè ni yóò ti débi ọ̀rọ̀ ọkàn fúnra rẹ̀, bó bá di ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, bó bá jẹ́ pé ojú kan náà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, aláìsàn á bá ẹnì kan pàdé lọ́jọ́ Ajé, á bá ẹlòmíràn pàdé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e nítorí pé wọ́n ti yí ìlà iṣẹ́ padà. Ẹlòmíràn yẹn á ṣí káàdì, á ní, “Kí ló ń ṣe yín, màmá?” Obìnrin tó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kó ìgboyà jọ á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ á fara dà á. Ẹni tí wọ́n ti fi sílẹ̀ rí á gbà pé wọ́n tún ti fi òun sílẹ̀, á sì tọ̀nà. Kí a tó sọ pé ìtọ́jú kò ràn án, ẹ jẹ́ ká bi ara wa bóyá àwa fúnra wa kọ́ ló tún ọgbẹ́ àtijọ́ náà dá sí i lára.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí, pé àwọn òyìnbó ló ń tọ́mọ nínú ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ nìkan wà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹnikẹ́ni má fi lẹ́tà yìí bú àwọn ìyá. Ní àwọn abúlé wa, ọmọ á já lẹ́nu ọmú, wọ́n á gbé e fún ìyá àgbà kí ìyá rẹ̀ lè padà sí ọjà Bódìjà tàbí sí Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Uche Isiugo-Abanihe kọ̀wé lọ́dún 1985 lórí bí fífi ọmọ fún ẹbí tọ́ ṣe wọ́pọ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń tọ́ ọ. Nígbà tí onímọ̀ ọkàn kan tó ń jẹ́ Marvin àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọ ọwọ́ Haúsá ní ilẹ̀ wa, wọ́n sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1977 pé ọmọ kan a máa fara mọ́ èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe ìyá nìkan. Láàárín àwọn Dogon ní Mali, ìwádìí ọdún 2001 rí i pé 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ni ọkàn wọn balẹ̀ mọ́ ìyá wọn, wọn ò sì rí ẹyọ kan tó kẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ tayọ̀tayọ̀ ní Ẹjìòkú kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ọmọ tí wọ́n gbé láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, láti ọ̀dọ̀ àǹtí sí ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá, láti ibẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀, tí kò dúró níbì kan débi tí ẹnì kan fi mọ irú ẹkún tó ń sun. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí, ó sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa.

Lọ́dún 1954 tí Ainsworth dé Uganda yẹn kan náà, Dókítà Adeoye Lambo ń ṣe nǹkan mìíràn ní Arò, l'Ábẹ́òkúta. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá kó máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Gbogbo ayé wá wo ohun tó ṣe, Lambo fúnra rẹ̀ sì padà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó yé e pé kò sí oògùn tó lè rọ́pò ẹni tí aláìsàn lè fara tì, ó sì fi ìyẹn sínú ètò dípò kó fi í sílẹ̀ fún oríire. Ẹ̀kọ́ tiwa ni. Kò yẹ kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò.

Àwọn aboyún àti ìyá ọmọ ọwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje ṣe ìwádìí kejì, lórí àwọn aboyún 686 tí ìsoríkọ́ mú, ní ilé ìtọ́jú aboyún 29 lápá tiwa níbí. Èsì rẹ̀ náà jáde lọ́dún 2019. Nígbà tí ọmọ fi máa pé oṣù mẹ́fà, 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gbádùn láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó jinlẹ̀, 66 láàárín àwọn tó gba èyí tó fúyẹ́. Ìyàtọ̀ náà kéré, àmọ́ àwọn tí tiwọn le jù ni ìtọ́jú tó jinlẹ̀ ràn lọ́wọ́ jù. Ẹ rò ó wò. Ìyá tó sorí kọ́ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ, apá rẹ̀ kò gbé e láti nawọ́ sí ọmọ. Kò burú, kò sì kórìíra ọmọ rẹ̀. Ọmọ ò mọ ìyẹn. Ohun tí ọmọ ń kọ́ ni pé bí òun bá ké, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Bí a bá wo ìyá yẹn sàn kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, èèyàn méjì la tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, torí mi ò fẹ́ kí ẹ kà á tán kí ẹ ní ó dára, kó sì parí síbẹ̀.

Kí orúkọ òṣìṣẹ́ kan wà lórí káàdì aláìsàn ìsoríkọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá máa lọ fún ìsinmi ọdọọdún, kó sọ fún aláìsàn ṣáájú, kó sì fi ẹni tó máa dípò rẹ̀ hàn án lójúkojú. Bí tiransifáà bá di dandan, kí wọ́n dá a dúró títí ìtọ́jú àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi máa parí. Ìgbà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń jókòó. Oṣù méjì sí mẹ́ta kò lè ba ètò ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́.

Kí yàrá kan wà tó ní ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí ń dùn mí gan-an. Ní ìlú kékeré, nọ́ọ̀sì lè jẹ́ àna aláìsàn, akọ̀wé tó ń fúnni ní káàdì lè jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ̀, kọ́tìnnì nìkan ló sì ya ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó wá gbabẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ. Ẹ wá ń retí pé kí ẹni tó ti fi ogún ọdún bo àṣírí rẹ̀ la ẹnu níbẹ̀? Bí owó bá wà fún ọ̀dà ilé ìwòsàn, ó gbọ́dọ̀ wà fún ilẹ̀kùn kan.

Kí ẹ fún òṣìṣẹ́ ní owó ọ̀kadà àti owó ìpè. Ẹni tó ń sọ pé ara òun dá kò ní padà wá fúnra rẹ̀. Ẹni kan ní láti lọ, kì í ṣe láti bá a wí, láti kàn sọ pé, “Mo retí yín lánàá, mi ò rí yín, mo ní kí n wá wò yín.” Mo ti rí àgbà ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí nìkan pa lẹ́kún. Àwọn arúgbó wa nílò rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ: ìwádìí tí Yunifásítì Ìbàdàn ṣe lórí àwọn tó ti pé ọdún 65, tó jáde lọ́dún 2007, rí i pé nǹkan bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ìsoríkọ́ mú láàárín ọdún kan, àwọn ọmọ wọn sì wà ní Èkó, ní Líbíyà, ní Kánádà.

Ẹni tí ẹ̀rù ìkọ̀sílẹ̀ ń bà ní tirẹ̀ fẹ́ kí á fi ọjọ́ àti àkókò lélẹ̀, kí a má sì yẹ̀ ẹ́. Òpin ìtọ́jú ló ń dẹ́rù bà á jù. Ìgbà tó bá ku ìjókòó mẹ́ta ni kí a ti sọ fún un pé ó ku mẹ́ta, kì í ṣe lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó ní ibòmíràn tó lè fara tì. Ní Uganda, ní abúlé 30, wọ́n kó àwọn tí ìsoríkọ́ mú jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 16, ọmọ ìlú tí wọ́n kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ló sì ń darí wọn. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003 ni pé 6.5 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ló ṣì ní ìsoríkọ́ nígbà tó parí, nígbà tó jẹ́ 54.7 láàárín àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn. Ìyá àgbà ò wọ́n ní Akínyẹlé. Ẹgbẹ́ ìyálọ́jà wà, ẹgbẹ́ àsàlátù wà, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wà. Àwọn tó ń bẹ níbẹ̀ kì í gba tiransifáà.

Ẹ má sì gbàgbé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ẹkún èèyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí owó oṣù rẹ̀ sì pẹ́, á di ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Kí dókítà tàbí àgbà nọ́ọ̀sì kan máa pè é lóṣooṣù láti bi í pé, “Àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Ìwọ alára ńkọ́?” Òun náà ní ẹni tó tọ́ ọ, òun náà sì ń gbé ohun tó kọ́ nílé wá síbi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó bá ń ka àìwá aláìsàn sí àfojúdi, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọgbẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n tẹ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin wèrè ọdún 1958. Òfin ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ ló kù. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní wọ́ọ̀dù 351. Mi ò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo wọn. Ẹ mú ilé ìwòsàn kan ní Mọníyà, ọ̀kan ní Lálúpọn, ọ̀kan ní Ẹgbẹ́dá, ọ̀kan ní Àkànrán. Ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sórí káàdì, ẹ fi ilẹ̀kùn sí yàrá, ẹ san owó ọ̀kadà, ẹ sì ka iye àwọn tó parí ìtọ́jú níbẹ̀ fún ọdún kan. Àwọn onímọ̀ tó lè bá yín kà á wà ní Oríta Mẹ́fà, àwa tó ti fẹ̀yìn tì sì ṣetán láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ pè wá.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlera,

Òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Lálúpọn, Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú